Leo Fender: Ẹni tí Kò Mọ Gìtá Ta, tí ó sì Fún Gìtá ní Ohùn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú ilé ìjọsìn ní Kìṣí ní ọjọ́ Ìsinmi mọ ìró kan tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí, àfi bí ó bá dákẹ́. Ohùn gìtá báàsì ni. Ìlù lè máa dún kí akọrin sì máa kọ, ṣùgbọ́n bí báàsì kò bá sí nísàlẹ̀, orin a dà bí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀. Gìtá yìí kò sì lè dá sọ̀rọ̀. Amplifáyà, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn ga, ni ó ń bá a sọ ọ́. Ìtàn ọkùnrin tí ó mú kí àwọn méjèèjì tàn ká ayé ni a mú tọ̀ yín wá.

A bí Clarence Leonidas Fender, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Leo, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1909, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni àwọn òbí rẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún 8 lọ nígbà tí àrùn gba ojú òsì rẹ̀, tí a fi ẹyinjú gíláàsì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, ìbátan rẹ̀ kan tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe fi àpótí kan ránṣẹ́ sí i, àlòkù ohun èlò iná ni ó kún inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ rédíò ti wọ̀ ọ́ lára.

Síbẹ̀ ìṣirò owó ni ó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, òun ni ó sì fi ń jẹun. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1938, ó yá 600 dọ́là, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtúnrédíòṣe ní ìlú Fullerton. Àwọn olórin a máa gbé ẹ̀rọ wọn tí ó bàjẹ́ tọ̀ ọ́ wá. Bí ó ti ń tú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí ibi tí àwọn tí ó ṣe wọ́n ti kùnà.

Leo kò mọ gìtá ta rárá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí kò lè ṣe, ó bi àwọn tí ó lè ṣe é. A máa gbé ẹ̀rọ tuntun fún wọn, a sì gbọ́ ẹ̀sùn wọn. Báyìí ni ó ṣe gbé gìtá báàsì tí a ń pè ní Precision Bass jáde ní ọdún 1951. Ṣáájú ìgbà náà, gòjé ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ ni àwọn oníbáàsì ń gbé kiri.

Ohùn báàsì wúwo, agbára kékeré kò sì lè gbé e. Nítorí náà ni Leo ṣe gbé amplifáyà kan jáde ní ọdún 1952 tí ó sọ ní Bassman. Ní ìbẹ̀rẹ̀, sípíkà kan ni ó ní. Nígbà tí ó ṣe, ó di mẹ́rin. Ọwọ́ ni a fi so gbogbo wáyà inú rẹ̀, tí a sì fi òjé lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwọn obìnrin ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, wọn a sì máa kọ orúkọ ara wọn sórí ìrépé tépù kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí. Nígbà tí Jim Marshall àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣe amplifáyà tiwọn ní ọdún 1962, Bassman ni wọ́n wò ṣe.

Ní ọdún 1965, ara Leo kò yá, ó sì ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Ara rẹ̀ padà yá, kò sì dẹ́kun iṣẹ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1991, ní ẹni ọdún 81. Àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe kí ó tó ta ilé iṣẹ́ náà ti di ohun tí àwọn olùfẹ́ orin ń wá kiri pẹ̀lú owó gọbọi. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọn a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a wá orúkọ obìnrin tí ó so ó.

Kì í ṣe ohùn dídùn nìkan ni ó mú kí ẹ̀rọ wọ̀nyí pẹ́ láyé. Atúnṣe ni Leo kí ó tó di olùṣe, nítorí náà ó ṣe wọ́n lọ́nà tí atúnṣe mìíràn yóò fi lè ṣí wọn, kí ó yọ èyí tí ó jóná, kí ó sì fi òmíràn sí i. Ohun tí a kò lè ṣí, bí ó bá kú, ó kú náà nìyẹn.

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè-Ògùn, bí amplifáyà àtijọ́ bá wà ní ìyàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn yín, ẹ má ṣe yára tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ẹ kọ́kọ́ pe atúnrédíòṣe tí ó mọṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín tú u, nítorí ẹ̀rọ onígò a máa fi iná tí ó lè pa ènìyàn pamọ́ sínú, bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́ lára iná. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tí a ṣe fún iná Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe kì í bọ iná tiwa tààrà. Iná ibẹ̀ kò ju bí ìdajì tiwa lọ, yóò sì jóná lójú ẹsẹ̀ bí kò bá sí ẹ̀rọ tí yóò bu iná náà kù fún un. Ó lè jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ni ó já, kí báàsì yín sì tún sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀.