Ta Ló Gbé Ọmọ Nígbà Tí Àjàyí Lọ Kàwé?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni fọ́ọ̀mù tí màá fi dá ẹ̀kọ́ mi dúró fi wà nínú báàgì mi. Ọmọ mi kò tíì pé ọdún méjì. Bí mo bá ṣí ìwé, yóò fẹ́ fà á ya. Lọ́kọ́ja ni mo ti ń kàwé, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni mo kà tí n kò fi tíì kọ orúkọ mi sí fọ́ọ̀mù náà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, àti pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún kejì, ó sì gbé e lọ sí Sàró. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay ní 1827. Ó di olùkọ́, ó sì fẹ́ Asano, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bíi tirẹ̀, tó ń jẹ́ Susan lẹ́yìn ìrìbọmi, tí òun náà jẹ́ olùkọ́. Wọ́n bímọ. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibẹ̀ ni ìwé kíkà ì bá ti parí.

Ní 1841 ó bá ọkọ̀ wọ odò Ọya, ó sì dé ìpàdé odò méjèèjì yìí gan-an. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn àjò ọ̀hún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni CMS pè é sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé kí ó wá kàwé sí i ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Islington. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà tó lọ ní 1842. Asano àti àwọn ọmọ kò bá a lọ. Abigail, tó wá bí Herbert Macaulay, wà lára àwọn ọmọ náà.

Ibí yìí ni inú ti bí mi. Ta ló ń wẹ̀ fún wọn? Ta ló ń jí lóru bí ara ọmọ bá gbóná? Àwọn tó ń kọ ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi í jẹ díákónì ní oṣù kẹfà 1843, ó di àlùfáà ní oṣù kẹwàá, ìwé tó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sí sì jáde lọ́dún kan náà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni Asano náà, òun nìkan ló sì wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ní 1844, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ padà dé, ó bí Dandeson. Ní 1846 wọ́n ti wà ní Abẹ́òkúta, Àjàyí sì ń túmọ̀ Bíbélì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á, mo bi bàbá ọmọ mi pé ta ni Asano nílé tiwa. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì, òun ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi láti aago méje alẹ́ títí di mẹ́wàá. Fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà nínú báàgì mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń ṣe ìṣirò sí.