Benedict ti Nursia: Kì í ṣe bíríkìlà, àmọ́ òfin rẹ̀ ló to ilé àwọn mọ́ńkì

Ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ ní Yúróòpù jọra wọn púpọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbàlá onígun mẹ́rin wà láàárín, yàrá oorun àti ilé oúnjẹ sì yí i ká. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí kì í ṣe bíríkìlà rárá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 480 ni wọ́n bí Benedict nílùú Nursia, ní Ítálì. Àwọn òbí rẹ̀ rí já jẹ, wọ́n sì rán an lọ kàwé ní Róòmù, ṣùgbọ́n ìwàkiwà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e kúrò níbẹ̀. Ó lọ dá gbé inú ihò àpáta ní Subiaco fún ọdún 3. Mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Romanus ló ń fi okùn sọ búrẹ́dì sílẹ̀ sí i. Agogo wà lára okùn náà kó lè mọ̀ pé oúnjẹ dé.

Nígbà tó yá, àwọn mọ́ńkì kan tí olórí wọn kú wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe olórí àwọn. Ó kọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Àṣé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ! Bó ṣe ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ìwà wọn àtijọ́ báyìí, wọ́n bu májèlé sínú wáìnì rẹ̀. Ìtàn tí Póòpù Gregory kọ nípa rẹ̀ sọ pé bó ṣe súre sí i ni ife náà fọ́. Kò bá wọn jà o. Ó padà sí Subiaco, ó dá ilé 12 sílẹ̀, mọ́ńkì 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní nǹkan bí 529, ó gun òkè Monte Cassino lọ. Ojúbọ òrìṣà Apollo ló bá níbẹ̀. Ó fọ́ ère náà, ó sọ ibẹ̀ di ilé àdúrà. Lórí òkè yìí ló ti ṣe ìwé òfin rẹ̀, orí 73. Òfin bí èèyàn ṣe máa gbé ayé ni, síbẹ̀ ẹ wo bó ṣe ń to ilé. Bó bá ṣeé ṣe, kí gbogbo mọ́ńkì sùn síbì kan náà, kí fìtílà máa jó di òwúrọ̀. Kí ilé ìdáná àlejò dá wà, torí àlejò kì í mọ àkókò, kò sì yẹ kó máa da àwọn ará láàmú. Kí àgbà ọlọ́gbọ́n kan máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí omi, ọlọ, ọgbà ẹ̀fọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wà nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àwáwí láti máa rìn kiri níta. Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n ti bu májèlé fún rí ló lè mọ èèyàn tó báyìí.

Nǹkan bí 547 ló kú, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Scholastica, arábìnrin rẹ̀. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, àwọn Lombard ti ba ilé náà jẹ́. Òfin rẹ̀ ò bá a lọ. Láàárín 820 sí 830, àwọn mọ́ńkì Reichenau ya àwòrán ilé kan sára awọ 5 tí wọ́n rán pọ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí olórí ilé St. Gall. Yàrá oorun fara kan ṣọ́ọ̀ṣì, torí àdúrà òru. Ilé adìyẹ wà níbẹ̀, ti pẹ́pẹ́yẹ ńlá náà wà níbẹ̀, kódà igi eléso ló wà láàárín àwọn sàréè. Wọn ò kọ́ ọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe yà á, ṣùgbọ́n awọ náà ṣì wà ní ilé ìkàwé St. Gallen ní Switzerland dòní.