Yusuf Ọlátúnjí àti gòjé tó ń parẹ́ lọ láàárín wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Jos àti Bukuru ṣe ilé, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn olóògbé Alhaji Yusuf Ọlátúnjí, tí wọ́n ń pè ní Baba L'Ẹ́gbàá, la mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Oṣù Kejìlá ọdún 1978 ló jáde láyé, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ láàárín wa tí ìtàn rẹ̀ kàn.

Nígbà tí Ọlátúnjí wà lọ́dọ̀ọ́, Abíbù Olúwa ni ọ̀gá nídìí orin sákárà l'Ékòó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ ní nǹkan bí ọdún 1927, kó tó di pé òun náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ó ṣe àwo títí àwo fi pọ̀ dé bi pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ó kọrin fún ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí, ó ki olówó, ó sì fi ìwà ẹ̀dá kọ́gbọ́n. Kì í kánjú.

Ìlù sákárà, tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe tí wọ́n sì fi awọ bò lójú, ló fún orin náà lórúkọ. Mólò ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta sí i, nígbà tó yá ni gòjé gba ipò mólò. Ààbọ̀ igbá ni gòjé, awọ àlégbà tàbí ti ejò ni wọ́n fi ń bò ó. Okùn kan ṣoṣo ló ní, irun ìrù ẹṣin sì ni. Irun ẹṣin kan náà ni wọ́n so mọ́ ọrun tí wọ́n fi ń fà á. Nítorí pé ó ń fa ohùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó bá èdè wa mu ju mólò lọ. Bí Ọlátúnjí bá dákẹ́, gòjé ni yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé Hausa ló ni gòjé, pé kí a má gbé e wá síbi ọjọ́ Yorùbá mọ́. Láti ìgbà ìjà ọdún 2001 àti 2008 ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń pọ̀ sí i, a sì mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn. Òkè Ọya ni gòjé ti wá lóòótọ́, àmọ́ èdè Yorùbá ló ń sọ nínú àwo Baba L'Ẹ́gbàá. Bí a bá ní ká dá gbogbo ohun tó gba ọ̀dọ̀ wọn wá padà, ọ̀rọ̀ bí àlàáfíà àti àlùbáríkà ńkọ́?

Ohun tó yẹ kó kó wa láyà sókè ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ wa tó ń kọ́ ọ. Fújì mú púpọ̀ nínú ohùn àti ìlù sákárà, ó fi gòjé sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tẹ̀ báyìí. Ẹ sì wo Dan Maraya Jos, tí wọ́n bí ní Bukuru ní 1946, tó kú ní 2015. Kuntigi olókùn kan, tí wọ́n ń fi agolo sadíìnì ṣe, ló fi di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀.

Nítorí náà, òbí tó bá ní ọmọ tó fẹ́ràn orin, kó wá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpàdé wa tó ń bọ̀. A ó wá àgbà ataògòjé kan tí yóò kọ́ wọn, ì báà jẹ́ Hausa, ẹgbẹ́ yóò sì san owó rẹ̀. Ti irun ẹṣin kò le, a ó rí i rà níhìn-ín ju Abẹ́òkúta lọ.