IBN BATTUTA ARÌNRÌN-ÀJÒ: LÁTI BUKHARA DÉ ILẸ̀ MALI

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ orúkọ Bukhara lẹ́nu àwọn ààfáà nínú wáàsí, nítorí Imam Bukhari tó kó àwọn hadisi jọ. Ṣùgbọ́n níbo ni Bukhara wà, irú ìlú wo sì ni? Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí débẹ̀ nígbà tí kò sí mọ́tò, tí kò sí bàálù, ó sì tún dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Ibn Battuta ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1304, nínú ìdílé àwọn adájọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1325, tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, ó dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ sí Hájì. Òun nìkan ló jáde nílé, kò ní ẹnìkejì. Ó ṣe Hájì náà, ṣùgbọ́n kò padà sílé. Ó gba ilẹ̀ Persia, ó gba etí òkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé Kilwa, ó gba ilẹ̀ Túọ́kì, títí tó fi dé àárín gbùngbùn Éṣíà ní nǹkan bí ọdún 1333.

Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn ìlú wọ̀nyí a wọ bàálù lọ sí Uzbekistan, afinimọ̀nà a sì mú un kiri Bukhara àti Samarkand láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti Ibn Battuta, láti Khwarazm sí Bukhara nìkan, ìrìn ọjọ́ 18 ni nínú aṣálẹ̀, lórí ràkúnmí.

Ọjà Khwarazm kún débi pé nígbà tó gẹṣin wọ inú rẹ̀, kò lè lọ síwájú, kò sì lè padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti dé Ọjà Ọba ní Ado-Ekiti nígbà tí ọdún Iléyá ku ọ̀la yóò mọ bó ti rí. Wọ́n ní èso kan tó jọ bàrà, tó dùn púpọ̀, tí wọ́n ń gé sá sóòrùn bí àwa ti ń sá èlùbọ́, tí wọ́n sì ń kó ránṣẹ́ títí dé Íńdíà àti Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́sálásí wọn ló wú u lórí jù. Ládàánì wọn a máa lọ káàkiri àwọn ilé tó wà nítòsí láti sọ pé àkókò ìrun ti tó. Ẹni tí kò bá wá bá jàmáà kírun, Lèmọ́mù yóò nà án lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n fi pàṣán kọ́ sí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan nítorí èyí. Yóò sì tún san ìtanràn dínárì 5, tí wọ́n ń ná sórí ìtọ́jú mọ́sálásí tàbí sórí oúnjẹ àwọn aláìní. Èmi kò ní kí a gbé pàṣán wá sí Ado o, ṣùgbọ́n ti owó yẹn yé mi.

Nígbà tó dé Bukhara, àlàpà ló bá. Genghis Khan ti kó ogun Mọ́ńgólì ja ìlú náà ní 1220, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà tí ọ̀pọ̀ mọ́sálásí, ilé-kéú àti ọjà ibẹ̀ kò tíì dìde. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun: ọba tó wà lórí ilẹ̀ náà nígbà tí Ibn Battuta débẹ̀, Tarmashirin, ìran Genghis Khan yìí kan náà ni, ó sì ti di Musulumi. Ọjọ́ 54 ni àlejò wa lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àkókò ìrun Alásárì tó, ọba kò sì tíì dé. Ìránṣẹ́ rẹ̀ wá tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ síwájú, ó ní kí Lèmọ́mù dúró díẹ̀, ọba ń ṣe àlúwàlá lọ́wọ́. Lèmọ́mù dìde, ó béèrè bóyá Ọlọ́hun ni wọ́n fẹ́ kírun fún ni tàbí Tarmashirin, ó sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kí ràkáà méjì kí ọba tó dé. Ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà sí ni ọba ti kírun tirẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ẹ̀rín ló ń rín lọ bọ Lèmọ́mù lọ́wọ́.

Ó kọjá sí Samarkand, ó yìn ín pé ó wà lára àwọn ìlú tó lẹ́wà jù láyé. Ó ṣe àbẹ̀wò sí ibojì Qutham, ọmọ Abbas tó jẹ́ àbúrò bàbá Ànábì wa. Ibojì náà wà níbẹ̀ títí di òní.

Láti ibẹ̀ ó lọ sí Balkh, tó wà ní ilẹ̀ Afghanistan nísinsìnyí. Mọ́sálásí ńlá ibẹ̀ ti wó dé ìdámẹ́ta, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Láyé àtijọ́, Kálífà bínú sí àwọn ará Balkh, ó bu owó orí tó kọjá agbára lé wọn. Àwọn obìnrin àti ọmọdé sunkún lọ bá ìyàwó gómìnà. Obìnrin yìí mú ẹ̀wù rẹ̀ kan tí wọ́n fi òkúta iyebíye ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tó níye lórí ju gbogbo owó náà lọ, ó fi rán agbowó-orí sí Kálífà pé kó fi dípò. Ojú ti Kálífà. Ó dárí owó náà jì wọ́n, ó sì dá ẹ̀wù padà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò wọ̀ ọ́ mọ́, nítorí ojú ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ ti wò ó. Ó tà á, ó sì fi owó rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí náà àti ilé àwọn àlejò. Ìdámẹ́ta owó ṣẹ́ kù. Wọ́n ní ó rì í mọ́ abẹ́ òpó kan, kí wọ́n lè rí nǹkan fi ṣe àtúnṣe lọ́jọ́ tí ó bá di dandan. Ọ̀rọ̀ yìí ló dé etí Genghis Khan tó fi ń wó òpó kiri. Nígbà tó wó ìdámẹ́ta wọn tí kò rí kọ́bọ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Ibn Battuta ṣe adájọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Delhi, ó sì dé Ṣáínà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kan ń ṣiyèméjì nípa ìrìn ti Ṣáínà yìí. Nígbà tó padà sí Mòrókò ní 1349, ó ti pé ọdún 24 tó ti kúrò nílé. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Àjàkálẹ̀ àrùn sì ti pa ìyá rẹ̀ kí ó tó dé.

Ní 1352 ó tún gbéra, ó la Sàhárà kọjá bọ̀ wá sí Mali. Ní Taghaza, òkúta iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́sálásí, awọ ràkúnmí ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀. Mansa Sulayman ọba Mali fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i, ó rò pé ẹ̀wù àti owó ni. Àfi búrẹ́dì mẹ́ta, ẹran màlúù díníndín àti igbá wàrà kan! Ẹ̀rín pa á. Síbẹ̀, ó yin àwọn èèyàn Mali pé wọn kì í fẹ́ ìrẹ́jẹ, àti pé ẹni tí kò bá tètè lọ sí ìrun Jímọ̀ kò ní rí àyè. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ará Mali wọ̀nyí ni orúkọ ìmàle tí a ń jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ti wá. Ó tún gbọ́ nípa ilẹ̀ ọba alágbára kan ní ìsàlẹ̀ odò Ọya, tó pè ní Yufi. Àwọn kan ní Núpé ni, àwọn mìíràn ní Ifẹ̀ ni. Kò débẹ̀.

Sultan Mòrókò ní kó sọ ohun gbogbo tó rí, Ibn Juzayy sì kọ ọ́ sílẹ̀ di ìwé. Wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1355. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 1368 tàbí 1369. Ohun kan wà tí ìwé náà kò ní. Ní Bukhara, wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn ààfáà àti orúkọ ìwé tí wọ́n ṣe sára ibojì wọn, Ibn Battuta sì ti da púpọ̀ nínú wọn kọ. Àwọn olè orí òkun ní Íńdíà ló kó àkọsílẹ̀ náà lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.