Andreas Grüntzig

Andreas Roland Grüntzig (25 Oṣù Kẹfà, 1939 – 27 Oṣù Kẹwàá, 1985) jẹ́ oníṣègùn ọkàn ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi bàlúùnù kékeré la iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó fún pọ̀ fún aláìsàn tó wà lójúfò, láìla àyà rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Dresden ni wọ́n ti bí Grüntzig. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Thomasschule ní Leipzig kí ó tó kúrò ní Ìlà-Oòrùn Jámánì. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Heidelberg, ó sì parí ní ọdún 1964. Ní ọdún 1969, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Zürich, ní Swítsàlandì.

Iṣẹ́

Ọ̀rá àti kálísíọ́mù a máa ṣù jọ sára ògiri iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a sì fún. Ní ìgbà náà, bí oògùn kò bá ran aláìsàn, àfi kí wọ́n la àyà rẹ̀.

Ní ọdún 1964, Charles Dotter ní Amẹ́ríkà ti fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la iṣan ẹsẹ̀. Grüntzig kọ́ ọgbọ́n yìí, ó sì fi bàlúùnù kún un. Orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ni òun àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Maria Schlumpf, ti ń fi ọwọ́ ṣe é. Ó kọ́kọ́ lò ó fún iṣan ẹsẹ̀ ní ọdún 1974, ó sì dán an wò lára ajá. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n Åke Senning, ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ ní Zürich, tì í lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 16, Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1977, ó la iṣan ọkàn ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan náà ṣì là.

Grüntzig kò fi ibi tí agbára bàlúùnù mọ pa mọ́. Nínú aláìsàn 50 tó jábọ̀ lé lórí ní ọdún 1979, 32 ni ó yọrí sí rere fún. Ó gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn pé kí wọ́n yan iṣan tí kálísíọ́mù kò tíì sọ di líle. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ náà lójú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ ọ. Ní ọdún 1980, ó kó lọ sí Yunifásítì Emory ní Atlanta.

Ikú

Ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń wà fúnra rẹ̀ já ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1985. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kú nínú rẹ̀. Ẹni ọdún 46 ni.

Ohun tó fi sílẹ̀

Àwọn tó tẹ̀lé e ló wá ojútùú sí iṣan líle tó ní kí a yẹra fún. Àwọn kan ṣe irinṣẹ́ kékeré tí a fi dáyámọ́ńdì bò, tó ń yí bírí tó sì ń ha kálísíọ́mù náà kúrò. Àwọn mìíràn yá ọgbọ́n tí a fi ń fọ́ òkúta inú kíndìnrín: ìgbì ohùn ń jáde láti inú bàlúùnù, ó sì ń mú kí kálísíọ́mù sán. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí fún iṣan ọkàn ní ọdún 2021. Lẹ́yìn tí ibi líle bá ti rọ̀, bàlúùnù ni wọ́n ṣì fi ń fẹ iṣan náà. Ní Nàìjíríà, ilé-ìwòsàn díẹ̀ ló ń fi bàlúùnù la iṣan ọkàn, lára wọn ni ti Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ.