Mark Twain: Onígbèsè Tó Kọ̀wé Nípa Ẹrú Funfun

Ẹni tó bá ń gbé ní Reinickendorf níbí á mọ Auguste-Viktoria-Allee, níbi tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mark-Twain-Grundschule. Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ẹni tó ni orúkọ yẹn, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an.

Samuel Clemens ni orúkọ àbísọ ẹ̀. Missouri ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ní 1835. Bàbá ẹ̀ ní ẹrú, òun náà kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ nígbà èwe. Nígbà tí bàbá kú ní 1847, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó tún wa ọkọ̀ ojú omi lórí odò Mississippi. Àwọn awakọ̀ ló ń pe omi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 ní Mark Twain. Ní 1870 ó fẹ́ Olivia Langdon, ọmọ ilé tó kórìíra òwò ẹrú. Lójú tèmi, ilé àna yẹn wà lára ohun tó yí i lérò padà. Ní 1885 ó ń sanwó fún Warner McGuinn, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń kọ́ òfin ní Yale.

Ọ̀rọ̀ owó ló gbé e dé Berlin. Ó ti da owó gọbọi sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa (àwa oníṣirò owó mọ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀!). Ní oṣù kẹwàá 1891 ó háyà ilé ní Körnerstraße. Ó bá Kaiser Wilhelm Kejì jẹun ní oṣù kejì 1892, ó sì kúrò ní oṣù kẹta.

Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé Pudd'nhead Wilson, tó jáde ní 1894. Roxy, ẹrúbìnrin inú ẹ̀, funfun báláú ni. Ìdá kan péré nínú 16 ni ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ní, ti ọmọ ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 32. Torí kí wọ́n má baà ta ọmọ yẹn, ó fi aṣọ ẹ̀ wọ ọmọ ọ̀gá, ó fi ti ọmọ ọ̀gá wọ tiẹ̀. Ọdún 23 kọjá, ẹnikẹ́ni ò fura, àfi ìgbà tí lọ́yà Wilson fi ìtẹ̀ka tú àṣírí.

Ọmọ Roxy ti pààyàn, ilé ẹjọ́ ní kó lo ìyókù ayé ẹ̀ lẹ́wọ̀n. Làwọn tí ọ̀gá tó ti kú jẹ ní gbèsè bá dé: wọ́n ní dúkìá ni, pé wọ́n gbàgbé láti kà á mọ́ ogún. Ṣé èèyàn á wá ti dúkìá mọ́lé kó máa ṣòfò ni? Gómìnà dárí jì í, wọ́n tà á. Èmi tí mo ti ń yẹ ìwé dúkìá wò láti ọjọ́ yìí, mi ò rí èyí tó dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ajogún gidi ńkọ́? Ó dolówó, àmọ́ ẹnu ẹrú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ara ò tù ú láàárín àwọn funfun, kíṣìnì nìkan ló ti ń rí ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọdún 1894 yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Twain fúnra ẹ̀ wó. Ó rìn yí ayé ká, ó ń sọ̀rọ̀ gbowó, ọmọ ẹ̀ Susy sì kú ní 1896. Nígbà tó fi máa di 1898 ó ti san gbèsè tán. Ní 1905 ó kọ̀wé bá Leopold, ọba Belgium, jà lórí ohun tó ń ṣe fáwọn ará Kóńgò, owó ìwé yẹn sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jà fún wọn. Ó kú ní Connecticut, ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1910.