John McLendon, Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 1915 ni a bí John McLendon ní ìlú Hiawatha, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú ni. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù agbọ̀n púpọ̀, èyí ni eré tí a ti ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tí a so kọ́ sókè.

Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ sí Yunifásítì Kansas. James Naismith, ẹni tí ó dá bọ́ọ̀lù agbọ̀n sílẹ̀ ní ọdún 1891, jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo nǹkan! McLendon ń kọ́ eré yìí lọ́dọ̀ ẹni tí ó dá a sílẹ̀ gan-an, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ó gbá a fún yunifásítì náà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ó wọ inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wọn, ńṣe ni wọ́n da gbogbo omi rẹ̀ nù. Ìwà burúkú gbáà ni. Ṣùgbọ́n Naismith dúró tì í, òun náà kò sì sá kúrò. Ó gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1936.

Lẹ́yìn náà, ó lọ sí ìlú Durham, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, eré burúkú ni wọn yóò bá a sá lọ sí ìdí agbọ̀n. Àwọn tí wọ́n ń bá díje yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Nígbà náà, òfin kò gbà kí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú jọ ṣeré ní Durham. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ní oṣù keje, ọdún 1944, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan yìnbọn pa sójà aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú náà nítorí ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó.

Ní oṣù mẹ́rin ṣáájú èyí, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12, oṣù kẹta, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Duke, tí wọ́n jẹ́ òyìnbó, yọ́ wá bá ẹgbẹ́ McLendon. Wọ́n fi aṣọ bo orí kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. McLendon ti ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn pa. Kò sí òǹwòran, àfi àwọn ọmọ díẹ̀ tí wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí eré parí, ẹgbẹ́ McLendon ní 88, àwọn àlejò ní 44. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé wọn kò tú ká. Wọ́n da ara wọn pọ̀, wọ́n tún pín sí méjì, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú ní ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n sì tún gbá a.

Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́. Ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ náà tó jáde nínú ìwé ìròyìn.

McLendon gba ife-ẹ̀yẹ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ti gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1957, 1958 àti 1959 pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ní ọdún 1966, Yunifásítì Cleveland State, níbi tí òyìnbó ti pọ̀ jù, fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ìlú Cleveland Heights ni ó kú sí, ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1999.